Fìlà títẹ̀ sọ́tùn-ún, fìlà títẹ̀ sósì: ta ló ṣòfin rẹ̀?

Àkànní_Súúrùlérè (Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Àbúrò mi ọkùnrin gbéyàwó lánàá, fìlà aṣọ òkè kan náà sì ni wọ́n rán fún gbogbo àwa ọ̀rẹ́ ọkọ. Bí a ṣe tò fún fọ́tò ni bàbá kan láti ẹbí ìyàwó bá dìde, ó ń tún fìlà ṣe lórí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ tí o ti níyàwó, ọ̀tún ni kó o tẹ̀ ẹ́ sí. Ìwọ àpọ́n, òsì ni tìrẹ." Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Bàbá, mi ò tíì gbéyàwó, àmọ́ mo ti bímọ." Bàbá mú fìlà mi dání, kò mọ ibi tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí mọ́. Níkẹyìn ó kàn gbé e lé mi lórí gbọọrọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé òfin yìí wà lóòótọ́, àbí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó o wá? Èkejì: nínú gbogbo fọ́tò bàbá bàbá mi, fìlà wà lórí wọn, títí kan èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi náà ní fìlà nílé o, ṣùgbọ́n ti aṣọ ẹbí ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí mo lè dé lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà wo ni ọkùnrin Èkó ti jáwọ́ nínú fìlà dídé lójoojúmọ́?

ÌyáÌbejì_Ẹ̀bútéMẹ́tà (9:40 alẹ́)

Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n bára wọn kalẹ́. Ilé ọkọ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí. Nílé bàbá tèmi, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ rí. Ẹ̀yìn ni bàbá mi máa ń tẹ tiwọn sí, ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n sì fẹ́.

Táíwò_Ìyànà-Ìpájà (9:43 alẹ́)

Mẹ́ta! Ó yẹ kí fìlà wọn ní igun mẹ́ta nígbà yẹn, Ìyá wa.

Aránfìlà_Múṣin (10:22 alẹ́)

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kò sí oníbàárà tó wá bá mi rí pé òun ń fẹ́ fìlà àpọ́n. Gọ̀bì kan náà ni mò ń rán fún bàbá àti ọmọ. Ó gùn sókè, orí rẹ̀ rọ̀, ẹni tó bá dé e ni yóò tẹ̀ ẹ́ síbi tó bá wù ú: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún tàbí òsì. Bí òfin bá wà níbẹ̀ ni, ibi ẹ̀rọ ni a ó ti máa rán an mọ́ ọn, èmi ò sì tíì rí aránfìlà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń rí ni pé ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀tún náà ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń fà á sí láìrò ó. Ẹ lọ wo fọ́tò àwọn àgbà nílé yín. Ẹ ó rí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sósì, tí ìyàwó jókòó tì wọ́n, tí ọmọ jókòó sílẹ̀ níwájú.

Fìlà tí ìrísí rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe ni abetí-ajá. Etí méjèèjì tó ní, wọ́n ń fà á wálẹ̀ bo etí nígbà ọyẹ́. Bí ara bá ti yá, wọ́n á dá a padà sókè. Ọyẹ́ ti Èkó kò tó nǹkan, ni etí yẹn bá di ẹ̀ṣọ́ lásán lọ́dọ̀ wa. Ó ṣì jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù láti rán, torí bí ọwọ́ rẹ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, etí kan á ga ju èkejì lọ, gbogbo ayé á sì rí i.

Nǹkan kan tún wà. Ẹ̀yin tí orí ń fọ́ lóde àríyá, kì í ṣe ariwo gáńgan ló fà á o, fìlà ló ń fún yín. Àwọn tó ń rán fìlà aṣọ ẹbí lọ́pọ̀ máa ń rán sáìsì 22 àti 23 lọ bẹẹrẹ láìwọn ẹnikẹ́ni. Ẹ mú téèpù, ẹ fi yí iwájú orí po, kó gba òkè etí méjèèjì kọjá. Iye ínṣì tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni sáìsì yín. Aṣọ òkè kì í nà, ẹ má tan ara yín pé yóò gba orí tó bá yá.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó (Ọjọ́ Ajé, 6:51 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará òkè odò, ibi tí fìlà tẹ̀ sí lẹ ń jà lé lórí. Lọ́dọ̀ tiwa ní erékùṣù, àwọ̀ rẹ̀ la ń wò, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dé e.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ àwọn olóyè onífìlà funfun yẹ̀ wò. Nínú wọn ni àwọn Ìdéjọ wà, àwọn tó ni ilẹ̀ Èkó: Arómirẹ́, Olótò, Ọjọ́rà, Oníru, Olúwa, Olúmẹ̀gbọ́n, Onísìwó àti àwọn yòókù. Bí o bá rí fìlà funfun yẹn lórí ẹni tó tọ́ sí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lo rí yẹn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjánì tó jẹ́ Olúwa pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n jà á títí dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá wọn wọkọ̀ òkun lọ ní 1920. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dọ̀ òyìnbó nígbà yẹn dá a pé ìdílé ló ni ilẹ̀, pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Fìlà funfun ló gbé ẹjọ́ yẹn lọ o, kì í ṣe fìlà gíga ti lọ́yà.

Èyọ̀ ńkọ́? Àkẹtẹ̀ ló ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Àdìmú, àgbà nínú àwọn Èyọ̀, á kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú. Bí a bá ti rí i, a ti mọ̀ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, wọ́n á máa jáde ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé: Lábà pẹ̀lú àkẹtẹ̀ pupa, Oníkò pẹ̀lú aláwọ̀ ìyeyè, Ológèdè pẹ̀lú aláwọ̀ ewé, Àgéré pẹ̀lú aláwọ̀ àlùkò. Agbádá funfun kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n bo ojú, o ò lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Àkẹtẹ̀ ló ń sọ ìga, ìyẹn ilé olóyè, tí Èyọ̀ ti wá. Láti 1854 tí wọ́n ti ṣe é fún Ọba Akíntóyè ló ti wà bẹ́ẹ̀.

Àkànní_Súúrùlérè (7:30 àárọ̀)

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé àwa tí à ń wòran ò gbọdọ̀ dé fìlà lọ́jọ́ náà? Mo rò pé gèlè àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n kà léèwọ̀.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó (7:38 àárọ̀)

Tọkùnrin tobìnrin ni. Kò sí fìlà, kò sí gèlè, kò sí irun ṣùkú, kò sí sálúbàtà, kò sí sìgá. Orí gbogbo wa á wà ní gbangba, orí Èyọ̀ nìkan ni yóò bò. Bí o bá rò pé àwàdà ni, dé fìlà rẹ kọjá lọ́dọ̀ wọn, ọ̀páǹbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Èyọ̀, á ṣàlàyé fún ẹ. Lọ́dún 2017 tí mo lọ wò ó, mo rí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sáré nítòsí Tafawa Balewa Square, fìlà rẹ̀ ti wà nínú ṣòkòtò kí wọ́n tó bá a.

Alàgbà_Yábà (12:05 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè kejì ọmọ wa yìí, òun ló wù mí jù. Ẹ̀yin ń rò pé ìsinsìnyí ni fìlà kúrò lórí wa. Ó ti kúrò rí, ó sì tún padà.

Ní nǹkan bí ọdún 1880 síwájú, àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ló lóde Èkó. Kóòtù dúdú àti fìlà gíga òyìnbó ni àwọn ọkùnrin wọn fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nínú oòrùn tiwa yìí náà! Ẹni tó kàwé tó wá dé fìlà ìbílẹ̀ lọ sóde, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan wà tó ń jẹ́ David Brown Vincent. Ní 1894 ó pa orúkọ yẹn tì, ó di Mojọlá Agbebi, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ títí dé òkè òkun. Lónìí, ẹ ó ní kí ló wà nínú ìyẹn. Láyé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Òṣèlú ló dá fìlà padà. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbò láàárín ọdún 1950 sí 1960, agbádá àti fìlà ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n fẹ́ káráyé mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ yìí làwọn. Bí wọ́n ṣe ń dé e ni akọ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò ń dé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ́fíìsì tún gbà á lọ́wọ́ wa. Súùtù àti táì láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, aṣọ ìbílẹ̀ di ti ọjọ́ Ẹtì nìkan. Lọ́jọ́ Ẹtì náà, ẹ lọ dúró ní Marina ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ẹ ka orí: bùbá àti ṣòkòtò lọ́pọ̀ yanturu, fìlà kò wọ́pọ̀. Ọkọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú mọ́lúè àtijọ́, ẹni tó dé gọ̀bì dúró láàárín èrò, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé, ọwọ́ kan ló máa fi di irin mú, èkejì á di fìlà mú, ọwọ́ wo ló kù tí yóò fi san owó kọ́ńdọ́? Ọ̀pọ̀ wa fi í sílẹ̀ sílé nítorí èyí.

Kí n má gbàgbé. Àwọn baba wa ní bí orí bá wà, a kì í fi fìlà dé orúnkún. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ṣí fìlà kó tó wọlé, kò sì sí ibi tí a ó gbé e sí. Orúnkún ni gbogbo wa ń fi í dé, láti orin àkọ́kọ́ títí dé oore-ọ̀fẹ́.

Táíwò_Ìyànà-Ìpájà (12:31 ọ̀sán)

Alàgbà, ẹ ti pa mí. Orúnkún onífìlà!

Aránfìlà_Múṣin (1:10 ọ̀sán)

Òótọ́ ni ti ọkọ̀ yẹn o. Àwọn bàbá tó ṣì ń dé fìlà lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ mi, èyí tó kúrú tó sì fún mọ́ orí ni wọ́n ń rà, tí kò ní bọ́ nínú dáńfó. Mi ò lè fi àríyá nìkan jẹun.

Àǹtí_Awégèlè (4:47 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ti sọ ti ọkùnrin tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe ga sókè, torí bí ti ọkùnrin ṣe ń lọ sílẹ̀ ni tiwa ń lọ sókè.

Gèlè àwọn ìyá wa àgbà, aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ ni: sányán, àlàárì, ẹtù. Wọ́n á wé e mọ́ orí, wọ́n á fi etí rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ kan, ó tán. O lè fi ru igbá lọ ọjà. Nígbà tí àwọn aṣọ líle òkè òkun dé, dàmáàsìkì, Hayes, ségò, èyí tó máa ń han kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ létí bí o bá fọwọ́ kàn án, gèlè bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni ilé alájà púpọ̀ ń hù ní Èkó. Gèlè wá di onílégogoro. Irun náà ò gbẹ́yìn: ẹ rántí irun tí wọ́n ń pè ní Èkó Bridge? Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin láti 1968, ní fọ́tò irun onílégogoro kan tó yà ní 1975. Nígbà tó dàgbà, ó tún ya gèlè. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ó sì gbọ́n, torí ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. Iwájú kàn ń fi owó hàn ni.

Iṣẹ́ tèmi ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí ìnáwó bá wà ní Sátidé, mo ti wà nílé oníyàwó láti aago márùn-ún ìdájí, ìyá ìyàwó, ìyá ọkọ, àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀rẹ́, gbogbo wọn ń tò dè mí, ẹni tí mo kọ́kọ́ wé fún á ti máa ráhùn pé orí ń ro òun kí n tó dé orí ẹni ìkẹyìn. Báyìí, ọ́tò-gèlè dé. Wọ́n á ti wé e, wọ́n á ti rán an, ìwọ á kàn gbé e lérí bíi fìlà. Wọ́n ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé. Ọ́tò-gèlè ti ba òwe yẹn jẹ́. Èmi náà ń ṣe é tà, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n láti òkèèrè: orí méje, ìṣẹ́po kan náà, kò sí èyí tó bá ojú ẹni tó dé e mu. Bí ojú rẹ bá gùn, gèlè rẹ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bó bá rí roboto, kó ga. Ọ́tò-gèlè ò mọ ìyẹn.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀bútéMẹ́tà (5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn onílégogoro tó ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti gbọ́ ìwàásù odidi wákàtí kan láìrí ojú pásítọ̀.

ỌmọÀgùdà (5:58 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ gbàgbé àwa Pópó Àgùdà. Fìlà òyìnbó tí Alàgbà ń sọ, àwọn Sàró nìkan kọ́ ló dé e. Àwọn ìyá wa àgbà tí ìdílé wọn ti Bùràsíìlì dé, háàtì onígbòòrò àti léèsì ni wọ́n fi ń lọ sí Máàsì. Ó ṣì wà lára wa. Bí Àjíǹde bá dé, tí ayẹyẹ Fàǹtí bá jáde ní Campos àti Láfíàjí, ẹ wá wo háàtì! Ìyẹ́, ìlẹ̀kẹ̀, rìbọ́ọ̀nù, àdúgbò kọ̀ọ̀kan àti àwọ̀ tirẹ̀. Ní ti háàtì, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì, èyí tó bá ti fẹ̀ jù ló borí.

Àwọn fasinétọ̀ kékeré tí àwọn ọmọbìnrin ń fi pín-ìn-nì kan irun níbi ìgbéyàwó báyìí, ìyá àgbà mi ì bá béèrè pé ibo ni èyí tó kù wà.

Táíwò_Ìyànà-Ìpájà (8:15 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, fìlà tí àwa ń dé lójoojúmọ́ wà o, fesi-káàpù ni. Kóńdọ́, fọganáísà, ọmọ yunifásítì, pásítọ̀ ọ̀dọ́, gbogbo wa. Ó ń bo oòrùn, ó ń bo irun tí o ò tíì gẹ̀. Ọ̀nà yíyí rẹ̀ náà ní ìtumọ̀: bí àwọn kan bá rí i pé o yí ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ti pè ọ́ ní ọmọ ìta.

Èyí tí wọ́n fipá dé fún wa ni ti ọ̀kadà. Ẹ rántí oṣù kìíní 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àṣíborí? Láwọn ìlú kan, àwọn ọlọ́kadà ń dé igbá àti ike ọ̀dà. Àwọn èrò ò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní ta ló mọ orí tó ti wọ inú rẹ̀ ṣáájú, ta ló mọ ohun tí wọ́n fi sí i. Àwọn obìnrin á gbé e ka itan, pẹ̀lú gèlè tó dá dúró gbọnrangandan lórí, tí wọ́n bá sì rí ẹ̀ṣọ́ níwájú, wọ́n á fi ọwọ́ gbé e sókè orí gèlè láìjẹ́ kó kàn án.

Àǹtí_Awégèlè (8:22 alẹ́)

Èmi rèé o. Ẹni tó ti sanwó gèlè ò lè gbé irin lé e.

Àkànní_Súúrùlérè (9:03 alẹ́)

Mo ń gbádùn yín. Ní ti òṣèlú tí Alàgbà sọ, mo yọ náírà 100 wò nísinsìnyí: Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú fìlà àti awò ojú. Láti 1999 la ti ń ná fìlà yẹn láìwò ó. Tafawa Balewa lórí náírà 5 àti Sàdáúná (Ahmadu Bello) lórí 200, láwàní ni tiwọn.

Alàgbà_Yábà (9:26 alẹ́)

O káre. Fìlà Awo, ó tó kí o ya fìlà yẹn àti awò ojú róbótó síta láìya ojú kankan, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá á mọ ẹni tí o ní lọ́kàn. Ẹni kejì tó tún rí irú ìyẹn ṣe ni Tinubu, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà bíi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà níwájú fìlà rẹ̀. Láti ìgbà tó ti jẹ gómìnà ní Èkó, 1999 sí 2007, ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti ń dé e.

Aránfìlà_Múṣin (9:41 alẹ́)

Bí ìdìbò bá ń bọ̀, fìlà yẹn ló ń sanwó iléèwé àwọn ọmọ mi. Ẹgbẹ́ tí mo ń dìbò fún, ìyẹn wà láàárín èmi àti ẹ̀rọ mi.

Ṣadé_Lẹ́kí (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 àárọ̀)

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń dé fìlà. Mo dé abetí-ajá aṣọ òkè fún fọ́tò ọjọ́ ìbí mi, ìyá ọkọ mi ò tíì dáhùn ìkíni mi lórí WhatsApp láti ìgbà náà.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀bútéMẹ́tà (10:30 àárọ̀)

Ọmọ mi, wọn ò jẹ̀bi. Fìlà ọkùnrin lórí obìnrin ń jọ wá lójú bí ẹni pé baálé méjì ló wà nílé.

Ṣadé_Lẹ́kí (10:34 àárọ̀)

Mà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Sẹ̀lẹ́ ń dé fìlà funfun lọ sílé ìjọsìn, ọkọ wọn ló máa ń ṣí orí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní baálé.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀bútéMẹ́tà (10:41 àárọ̀)

Ti ìjọsìn yàtọ̀. Ọlọ́run là ń bo orí fún níbẹ̀. Ta ni o bò ó fún nínú fọ́tò?

Àǹtí_Awégèlè (10:50 àárọ̀)

Ó bò ó fún ẹwà, Ìyá Ìbejì, ohun tí gbogbo wa ń bò ó fún náà nìyẹn. Ṣadé, fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ kí a rí i bóyá etí rẹ̀ dọ́gba.

Alàgbà_Yábà (11:15 àárọ̀)

Ṣadé, pe ìyá ọkọ rẹ lórí fóònù, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Kúnlẹ̀ kí o tó pè.

Táíwò_Ìyànà-Ìpájà (2:08 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Aránfìlà, ẹ dákun. Òógùn ti ya ilà funfun sí iwájú fìlà ẹtù mi. Mo fẹ́ rì í sínú omi ọṣẹ.

Aránfìlà_Múṣin (2:19 ọ̀sán)

Má rì í! Aṣọ líle tó wà nínú rẹ̀ á wú, fìlà á sì wọ́. Fi aṣọ tútù díẹ̀ nu ibi tí ilà wà, yí inú rẹ̀ síta, gbé e sí ibòòji tí atẹ́gùn wà, má sá a sóòrùn kí ẹtù má bàa ṣá. Bó bá gbẹ, fi bébà kún inú rẹ̀. Bí ilà yẹn bá ṣì wà, tú ìbòrí inú rẹ̀ tàbí kí o gbé e wá, màá pààrọ̀ ìyẹn nìkan, kò wọ́n. Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá fẹ́ jó, kọ́kọ́ ṣí i kúrò lórí.